Wo Họ́ọ̀bù Kó O Tó Gbọ́ Ìtàn

ÀǸTÍ BÙNMI: 62, 11. Kọ́lé, mo sùn, mo jí, 62, 11 yẹn ṣì wà lójú mi.

KỌ́LÉ: Àǹtí mi, ẹ kú alẹ́ ná. Ẹ jẹ́ ká kí ará ilé. Ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kété, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òtútù, ẹ káàbọ̀. Iye tó yẹ kéèyàn san lórí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ la ní a ó sọ lónìí, Àǹtí mi sì ti bá ọ̀nà tiwọn lọ.

ÀǸTÍ BÙNMI: Ọ̀nà kan náà ni. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan tó ń gbé ní Nottingham ló fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa. Bàbá kan tó ń kó kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jọ ní Adó fẹ́ ta Raleigh kan fún un ní ₦800,000. Wọ́n ní ọdún 1951 ni wọ́n ṣe é, wọ́n ní olùkọ́ àgbà kan ló ni ín...

KỌ́LÉ: Ẹ dúró ná. Nottingham ni wọ́n ti ṣe Raleigh. Kẹ̀kẹ́ dé Èkìtì, ọmọ Èkìtì dé Nottingham, ó wá fẹ́ gbé e padà sí Nottingham? Kílò mélòó nìyẹn?

ÀǸTÍ BÙNMI: Kọ́lé! A ti fi ọ̀rọ̀ kílò sílẹ̀ láti ọjọ́ tá a jiyàn lórí kílò ẹ̀lùbọ́ nínú ètò yìí!

KỌ́LÉ: Èmi ò dárúkọ ẹ̀lùbọ́ o.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín.)

ÀǸTÍ BÙNMI: Gbọ́ mi. Ìtàn olùkọ́ àgbà yẹn dùn, ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ò ní nọ́ńbà lára, họ́ọ̀bù, irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ló ní in. Mo fa fọ́tò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tóbi, mo rí ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀: Sturmey-Archer, AW, 62, 11. Sturmey-Archer ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é. AW ni irú họ́ọ̀bù náà, oníjíà mẹ́ta. 62 ni ọdún 1962. 11 ni oṣù kọkànlá. Báwo ni họ́ọ̀bù 1962 ṣe wọ kẹ̀kẹ́ 1951?

KỌ́LÉ: Wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ ni. Ta ló máa gun kẹ̀kẹ́ ní òkè Ẹ̀fọ̀n tí ò ní pààrọ̀ ẹsẹ̀?

ÀǸTÍ BÙNMI: Jíà kìíní AW, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jíà àárín péré ló jẹ́. Òkè Ẹ̀fọ̀n ju ìyẹn lọ. Kéèyàn sọ̀ kalẹ̀, kó máa tì í ni.

KỌ́LÉ: Olùkọ́ àgbà ń ti kẹ̀kẹ́, kíláàsì ń tẹ̀ lé e! (Ó rẹ́rìn-ín.) Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

ÀǸTÍ BÙNMI: Mo ń bọ̀. Nítorí pé wọ́n lè pààrọ̀ ẹsẹ̀ ni mo ṣe ka sìpóòkù, àwọn wáyà tín-ín-rín inú ẹsẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn, 32 ló máa ń wà níwájú, 40 lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù. Mo ka ti inú fọ́tò lẹ́ẹ̀mẹta. 36 níwájú, 36 lẹ́yìn.

KỌ́LÉ: Wọ́n ṣe AW oníhò 36 náà, Àǹtí mi. Ó pọ̀.

ÀǸTÍ BÙNMI: Wọ́n ṣe é, mi ò jà. Mi ò pe bàbá yẹn ní olè. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó jọ pé ẹsẹ̀ méjèèjì ti ibòmíì wá, nítorí náà ọdún 1951 ò tíì rí ẹlẹ́rìí. Tí ẹlẹ́rìí ò bá sí, owó gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

KỌ́LÉ: Báàjì Raleigh wà níwájú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi.

ÀǸTÍ BÙNMI: Báàjì! Kí nìdí báàjì? Ẹni tó ní síkírù-dírẹ́fà lè tú u, kó gbé e lé òmíràn. Wo irin tí ṣéènì ń yí lé. Ti Raleigh gidi, wọ́n gé orí ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn yẹn, heron, sínú irin fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju báàjì lọ. Ohun tó wọnú fírémù jùlọ ni tẹ́rẹ́ẹ̀dì, ìlà yíyí bíi ti ara síkírù. Kí atúnkẹ̀kẹ́ṣe tú ago tí bọ́ọ̀lù pẹ́dà ń jókòó sí, kó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Raleigh Nottingham, tẹ́rẹ́ẹ̀dì 26 ló wà nínú ínṣì kan. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì yòókù, 24. Bí wọ́n bá ní Raleigh Nottingham ni, tí géèjì sì ní 24, kí wọ́n ṣàlàyé.

KỌ́LÉ: Ti Íńdíà ńkọ́? Torí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tó wà nílé, Íńdíà ni.

ÀǸTÍ BÙNMI: O ṣeun. Wọ́n ṣe Raleigh ní Asansol, wọ́n ṣe Hercules àti Phillips ní Madras. Orúkọ kan náà, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó lágbára ni wọ́n, kò sí ìtìjú níbẹ̀, owó wọn ló yàtọ̀. Má sì gbàgbé ọdún 1960. Ọdún yẹn ni Raleigh, Phillips àti Hercules bọ́ sábẹ́ òrùlé kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ̀kẹ́ lè máa jẹ́ Phillips kó sì jẹ́ pé Nottingham ni wọ́n ti ṣe é.

KỌ́LÉ: Bí ẹ bá bi mí, ẹwà rẹ̀ tó owó. Ẹ wo bó ṣe dúdú, tó ń dán!

ÀǸTÍ BÙNMI: Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú! Ta ló ní kí wọ́n kùn ún?

KỌ́LÉ: Ẹ̀yin náà ń kùn ilé yín.

ÀǸTÍ BÙNMI: Ilé kọ́ ni kẹ̀kẹ́! Raleigh yẹn, ìlà wúrà tín-ín-rín ló wà lára irin rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà ìkòkò nù ún lọ. Ọ̀dà tuntun bo ìlà, ó bo ìpẹtà, ó sì lè bo ibi tí irin ti là. Wo fọ́tò kẹta, ọ̀dà wà lórí nọ́ọ̀tì, ó wà nínú ihò òróró họ́ọ̀bù. Ẹni tó kùn ún ò tú nǹkan kan. Raleigh tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ti ṣá, tí ìlà wúrà ṣì hàn díẹ̀díẹ̀, èmi á san ju èyí lọ lórí rẹ̀.

KỌ́LÉ: Èmi á ra èyí tó ń dán.

ÀǸTÍ BÙNMI: Rà á. Ìwọ nìkan ló máa ń ra ìgò torí ìdérí.

(Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ́.)

KỌ́LÉ: Ó dáa, mo gbà. Ẹ sọ fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ohun tó máa ṣe. Àbúrò rẹ̀ wà nílé, ó lè dé Adó lọ wò ó.

ÀǸTÍ BÙNMI: Kó mú òwú àti rúlà dání. Kó so òwú mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀ lápá òsì, kó fà á gba ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú, kó fi yí ọrùn náà ká, kó fà á padà sí apá ọ̀tún ẹ̀yìn, kó le dáadáa. Lẹ́yìn náà, kó wọn àlàfo tó wà láàárín òwú àti irin tó gbé ìjókòó dúró, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí wọ́n bá bára dọ́gba, tàbí tí ìyàtọ̀ ò ju mìlímítà kan tàbí méjì, fírémù tọ́. Bí ọ̀tún bá jẹ́ 30 tí òsì jẹ́ 36, ó ti tẹ̀. Kó wá fi àtàǹpàkò ra abẹ́ irin tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ́dà, lẹ́yìn ọrùn gan-an. Bí ibẹ̀ bá wú, tàbí tó ká bí aṣọ, kẹ̀kẹ́ yẹn ti forí sọ nǹkan. Ọ̀dà tuntun ò lè pa ìyẹn mọ́ fún àtàǹpàkò.

KỌ́LÉ: Kó gbìyànjú láti gbé ìjókòó sókè náà.

ÀǸTÍ BÙNMI: Ó kéré tán. Òjò Èkìtì máa ń jẹ́ kí òpó ìjókòó dì mọ́ fírémù. Bí kò bá mì, kí wọ́n yọ owó kúrò. Kó wo pínnì tó di apá pẹ́dà mú. Bí orí rẹ̀ bá ti fẹjú bí olú, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú. Raleigh máa ń lo pínnì mìlímítà 9.5. Bí wọ́n bá ti fi èyí tó tín-ín-rín sí i, á máa mì, ihò á máa jẹ.

KỌ́LÉ: Jíà ńkọ́? Torí ọ̀gbẹ́ni kan lè fi ibi tí kò yẹ bá irin pàdé.

ÀǸTÍ BÙNMI: (Ó ń rẹ́rìn-ín.) Òótọ́ ni! Àlàfo kan wà láàárín jíà kejì àti ìkẹta tí pẹ́dà á kàn yí lófo. Kí wọ́n fi sí jíà kejì, kí wọ́n yọjú wo ojú fèrèsé nọ́ọ̀tì apá ọ̀tún ẹ̀yìn. Orí ọ̀pá kékeré tó wà nínú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá orí áàsì, irin tí ẹsẹ̀ ń yí lé, dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, kí wọ́n tún okùn rẹ̀ ṣe, kì í ṣe pé họ́ọ̀bù ti bàjẹ́. Kí wọ́n má sì ro òróró ẹ̀pà sínú rẹ̀, á di gọ́ọ̀mù.

KỌ́LÉ: Ó ku owó. ₦800,000.

ÀǸTÍ BÙNMI: Kó wo iye tí èèyàn ti SAN lórí irú rẹ̀, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ pé àwọn ń tà á. Kó yọ owó táyà. Táyà 28 × 1½ ni, nọ́ńbà ìwọ̀n rẹ̀ sì ni 635. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rí 28 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á ra 622, kò sì ní wọ̀ ọ́ láéláé. Kó yọ owó ìjókòó: Brooks aláwọ ni, awọ rẹ̀ ti ya létí bóòtù, kò ṣeé rán. Kó yọ owó ọ̀dà...

KỌ́LÉ: Kí ló máa kù?

ÀǸTÍ BÙNMI: Ó máa kù. Fírémù tó tọ́, tí tẹ́rẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ 26, ohun ìní ni. Mi ò kórìíra kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo fẹ́ kó rà á, ní iye tó tọ́ sí i.

KỌ́LÉ: Àǹtí mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò míì ránṣẹ́. Bàbá ní ẹ̀rí wà. Àwo láísẹ́ńsì káńsù ló wà lára fírémù, wọ́n kàn án mọ́ ọn.

ÀǸTÍ BÙNMI: Gbé e wá. Fà á tóbi. Hẹ̀n-ẹ́n. Àwo yìí gbó dáadáa.

KỌ́LÉ: Ṣé ẹ rí i? Olùkọ́ àgbà!

ÀǸTÍ BÙNMI: Ní kí wọ́n rọra tú u, kí wọ́n ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dà àtijọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ ṣáájú kíkùn. Tó bá jẹ́ dúdú tó ń dán yẹn...

KỌ́LÉ: Aago kan òru ni nílé báyìí, Àǹtí mi.

ÀǸTÍ BÙNMI: Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́, àbí? Wọn ò tíì sùn. Pè wọ́n.