Ìbò Tí Wọ́n Dá Padà Kò Tíì Kú

Ẹ kú ìjókòó. Ohun tí mo bá àwọn ará wa sọ ní Houston ni mo kọ síbí, torí àwọn tí kò ráyè wá kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi.

Ọ̀rọ̀ màmá kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n sì ti di ọmọ Amẹ́ríkà tipẹ́. Ilé ni wọ́n ti dìbò tí wọ́n sì fi í ránṣẹ́, bí òfin Texas ṣe gbà fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Lọ́jọ́ kejì ìdìbò, lẹ́tà dé pé wọn ò lè gba ìbò náà. Màmá ká lẹ́tà, wọ́n sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀. “Èyí tó bàjẹ́ ti bàjẹ́ náà nìyẹn.”

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ní Nàìjíríà tí a ti wá, bí ẹ bá tẹ ìka sára ẹgbẹ́ méjì, tí ẹ sì jù ú sínú àpótí, ó parí. Kò sẹ́ni tí yóò pè yín padà. Ṣùgbọ́n ìwé ìdìbò màmá ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i. Àpò yẹn ni wọ́n kọ̀, nítorí nọ́ńbà tí màmá kọ sábẹ́ ìdérí rẹ̀ kò bá ti inú fáìlì mu.

Òfin SB 1 tí Texas ṣe lọ́dún 2021 ló mú nọ́ńbà yìí wá. Ẹ ó kọ nọ́ńbà láísẹ́ńsì ìwakọ̀ yín, tàbí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú Social Security, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fún yín. Ẹni tó fi Social Security forúkọ sílẹ̀ láyé ọjọ́un, tó wá kọ ti láísẹ́ńsì, ti kó sí i nìyẹn. Ní ìdìbò abẹ́lé oṣù Kẹta ọdún 2022, ìbò àfiránṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ ní Texas lé ní 24,000, bíi méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Nítorí náà, méjèèjì ni kí ẹ máa kọ.

Àtúnṣe rẹ̀ ní Texas kò jù báyìí lọ: títí di ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìdìbò, ẹ lè tún un ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ìjọba ìpínlẹ̀ ti ń jẹ́ kéèyàn tọpa ìbò rẹ̀, tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò káúńtì yín, ìyẹn bí ìjọba ìbílẹ̀ nílé. Ọjọ́ Túsìdeè ni ìdìbò, Mọ́ńdè ni ilẹ̀kùn tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ní Georgia, ẹ sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni tiwọn. Ní California, ìbuwọ́lù ni wọ́n ń wò. Ọwọ́ tó ti ń gbọ̀n kò lè sáìnì bó ṣe ń sáìnì lógún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n kọ̀wé sí yín kí wọ́n tó dà á nù. Pennsylvania ló rú mi lójú jù. Lọ́dún 2020 ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní òfin kò fi dandan lé e fún káúńtì láti pe olùdìbò wá ṣàtúnṣe, ni kálukú bá ń ṣe tiẹ̀. Aládùúgbò méjì tí ààlà káúńtì pín níyà lè má rí ojú rere kan náà.

Bí ọ́fíìsì ìdìbò bá tiẹ̀ pè yín nípa ìbò yín, mo mọ̀ pé ẹ kì í gbé nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀, ẹ sì gbọ́n, àwọn gbájúẹ̀ pọ̀. Ẹ wá nọ́ńbà ọ́fíìsì náà fúnra yín, kí ẹ pè wọ́n padà. Ẹni tó bá bi yín pé ta lẹ dìbò fún, ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Màmá ńkọ́? Aago mẹ́ta kọjá ní Mọ́ńdè la wọ ọ́fíìsì. Wọ́n kọ nọ́ńbà méjèèjì, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n wá yíjú sí mi: “Ṣé kí n kọ orúkọ bàbá mi mọ́ ọn, kí wọ́n má tún wá àwáwí?”