Curling Ọkùnrin Kan, Obìnrin Kan

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin eléré curling, eré jíju òkúta lórí yìnyín. Tó bá jẹ́ ti ẹlẹ́ni mẹ́rin lẹ ti mọ̀ látilẹ̀, ẹ fi ọgbọ́n ibẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, torí ó lè ṣì yín lọ́nà nínú eléyìí.

Mixed doubles, ìyẹn curling ọkùnrin kan àti obìnrin kan, wọ Olympics ní 2018. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Stavanger ní Norway, Tijani Cole àti Susana Cole ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje àgbáyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, Nàìjíríà tiwa yìí, lórí yìnyín!

Abala mẹ́jọ ni. Òkúta márùn-ún péré ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń jù lábala kan: ẹni tó bá ju àkọ́kọ́ náà ló máa ju ìkẹyìn, ẹnì kejì á ju mẹ́ta àárín. Ìgbálẹ̀ ńkọ́? Bí òkúta bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbé orúnkún kúrò nílẹ̀ kíá, ẹ sáré bá a, ẹ máa gbá yìnyín iwájú rẹ̀ fúnra yín. Èémí á gùn díẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó ju nǹkan kan, òkúta méjì ti wà nílẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń dí ọ̀nà níwájú ilé, ìyẹn òbìrípo tí à ń ju òkúta sí, ìkejì wà nínú ilé lọ́hùn-ún, lẹ́yìn àárín gbùngbùn. Wọ́n ń kà wọ́n mọ́ èsì, ìdí nìyẹn tí abala kan fi lè mú àmì mẹ́fà wá. Ẹni tó ni ẹ̀ṣọ́ ló ń kọ́kọ́ jù. Ẹni tó ni ti inú ilé ló ni òkúta ìkẹyìn.

Wàyí o, ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yẹ̀ nìyí. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ lé òkúta kankan jáde àfi tó bá kan òkúta kẹrin tí wọ́n jù lábala náà, ká ka ti ikọ̀ méjèèjì pọ̀. Ká ní ìkẹta ló wà lọ́wọ́ yín, tí ti alátakò jókòó kalẹ̀ nínú ilé, ojú á fẹ́ wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá lé e jáde, wọ́n á yọ tiyín kúrò, wọ́n á sì dá tiwọn padà sáyè rẹ̀. Ẹ kúkú rọra jù ú kó lọ fara tì í.

Ẹ má sì mọ̀ọ́mọ̀ fi abala sílẹ̀ lófo, láìsí àmì fún ẹnikẹ́ni, kí òkúta ìkẹyìn lè kù fún yín. Níbí, òfo máa ń gbé ẹ̀tọ́ yíyan ipò, ìyẹn ta ló máa ni ẹ̀ṣọ́, ta ló máa ni ti inú ilé, fún alátakò.

Ẹ̀tọ́ yẹn náà ni power play wà nínú rẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré nínú eré, ẹ lè ní kí wọ́n gbé òkúta méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, kí àárín lè ṣí sílẹ̀. Èmi fẹ́ràn abala kẹfà tàbí ìkeje fún un. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ de abala àfikún kò ní rí i lò, wọn kì í gbà á níbẹ̀.