Ibodè Ni Àdéhùn Àyíká Ti Ń Fẹsẹ̀ Múlẹ̀

Afẹ́fẹ́ kò mọ ààlà. Òkun tó bá ti kọjá máìlì orí omi 200 sí etíkun kò sí lábẹ́ ìjọba kankan. Ọjà ni kì í dá kọjá: gbogbo ohun tí wọ́n bá tà láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ló ń gba iwájú aṣọ́bodè, pẹ̀lú ìwé tó sọ ohun tó jẹ́, bó ṣe pọ̀ tó, àti ibi tó ti ń bọ̀. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi yé wa kò ju èyí lọ: àdéhùn lórí ohun àjùmọ̀ní ayé máa ń múlẹ̀ nígbà tí wọ́n bá so ó mọ́ ìwé tí aṣọ́bodè ń yẹ̀ wò, tí wọ́n sì pèsè owó fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé e. Èyí tí kò ní méjèèjì, ẹnu dùn ún ròfọ́ ni.

Àdéhùn lórí àyíká lé ní 250 káàkiri àgbáyé. Nǹkan bí 15 péré ló ní òfin òwò nínú. Àdéhùn Montreal, tó dá lórí gáàsì tó ń ba ozone jẹ́ (gáàsì òkè òfuurufú tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn), ló ṣe é dáadáa jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland ṣàlàyé pé gáàsì CFC tí wọ́n ń lò nínú fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti agolo tí a fi ń fín lọ́fínńdà máa ń gòkè lọ sí òfuurufú láìbàjẹ́. Lókè lọ́hùn-ún ni ìtànṣán oòrùn ti ń fọ́ ọ, tí chlorine inú rẹ̀ á sì máa jẹ ozone tó ń dáàbò bò wá run. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ozone tó wà lókè Antarctica ti ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1987 ni wọ́n fẹnu àdéhùn náà jóná ní Montreal.

CFC kò ṣòro láti ṣe. Bí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá bá fòfin dè é, ilé iṣẹ́ lè kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí ìkọkànlá, kó sì máa tà á padà fún àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́. Abala 4 àdéhùn náà ló dí ọ̀nà yẹn. Láti 1990, ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra gáàsì wọ̀nyí lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Láti 1993, kò gbọdọ̀ tà á fún un. Ẹni tó bá dúró síta ò ní rí ẹni tà fún un, kò sì ní rí ẹni rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan sílẹ̀: orílẹ̀-èdè tí kò tíì wọlé, bó bá fi àkọsílẹ̀ hàn pé òun ń pa òfin náà mọ́ délẹ̀délẹ̀, wọ́n á ṣe é bí ọmọ ẹgbẹ́. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìwà orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń wò, kì í ṣe bóyá ó buwọ́ lùwé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà bá a pàdé ní ilé ẹjọ́.

Ìbẹ̀rù nìkan kọ́ ló mú gbogbo ayé wọlé. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, tí ìlò wọn kò tó kílò 0.3 lórí ènìyàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún, gba ìsinmi ọdún mẹ́wàá. Ní 1990, ní London, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ tó ń san ìyàtọ̀ iye tí ilé iṣẹ́ yóò ná láti pa ẹ̀rọ dà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rìnlá ló ń ṣàkóso rẹ̀, méje láti ọ̀dọ̀ olówó, méje láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbà á, ìpinnu kankan kò sì lè kọjá tí ọ̀pọ̀ nínú ìhà méjèèjì kò bá fara mọ́ ọn. Lérò tèmi, ìgbékalẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Àwọn olówó fòpin sí CFC ní 1996, àwọn yòókù ní 2010. Àgbéyẹ̀wò ti 2022 sọ pé ozone yóò padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí 2040 lórí ọ̀pọ̀ ayé, àti ní nǹkan bí 2066 lókè Antarctica.

Ibo ni nǹkan ti wọ́? Fàyàwọ́ ni. Lẹ́yìn 1996, gáàsì tuntun di èèwọ̀ ní àwọn ilẹ̀ olówó, àmọ́ èyí tí wọ́n tún ṣe láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì bófin mu. Ẹrù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí wọlé pẹ̀lú orúkọ àtúnṣe. Ní 1997 ni wọ́n wá fi ìwé àṣẹ kún un. Ẹni tó ń kó ọjà wọlé á forúkọ sílẹ̀, á gba ìwọ̀n tí ó lè kó wọlé lọ́dún, á sì gba ìwé àṣẹ. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é dáadáa, orílẹ̀-èdè tó ń tà á kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ èyí tó ń rà á bóyá ó mọ oníbàárà náà kó tó fọwọ́ sí ìwé. Nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n á fi iye tí ẹni tó tà kọ sílẹ̀ wé iye tí ẹni tó rà kọ. Níbi tí iye méjèèjì kò bá ti bá ara wọn mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí.

Àtúnṣe Kigali ti 2016 mú HFC, gáàsì tó rọ́pò CFC, wọ inú òfin yìí nítorí pé ó ń mú ayé gbóná. Ìṣirò rẹ̀ le díẹ̀. Kílò kan HFC-134a ń mú ayé gbóná tó kílò 1,430 carbon dioxide, HFC-32, 675, R-404A tí wọ́n pò pọ̀, 3,922. Akójàwọlé tí wọ́n fún ní tọ́ọ̀nù 1,430 lórí ìwọ̀n carbon dioxide lè kó tọ́ọ̀nù kan HFC-134a wọlé, tàbí tọ́ọ̀nù méjì ó lé díẹ̀ HFC-32, àmọ́ kò lè kó tó kílò 370 R-404A. Nítorí náà, ẹni tó bá lẹ orúkọ HFC-134a mọ́ sìlíńdà R-404A ti sọ ìpín rẹ̀ di ìlọ́po méjì ó lé. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń dá gáàsì mọ̀ lọ́wọ́ aṣọ́bodè, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ohun mìíràn tún wà: títí di 2022, kóòdù ọjà àgbáyé kó ọ̀pọ̀ HFC pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo. Aṣọ́bodè kò lè ṣírò ohun tí kóòdù rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀.

Ibodè náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò dé. Ní 2018, àwọn tó ń wọn afẹ́fẹ́ kéde pé CFC-11 tún ń pọ̀ sí i láti nǹkan bí 2012. Ní 2019, wọ́n tọpa ọ̀pọ̀ rẹ̀ dé ìlà-oòrùn Ṣáínà. Abẹ́lé ni wọ́n ti ń ṣe é, abẹ́lé ni wọ́n sì ti ń lò ó láti ṣe fóòmù, kò sí ìwé ọjà tí ì bá fi í hàn. Lẹ́yìn ìkéde náà ló lọ sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló mú un.

Àdéhùn CITES lórí ẹranko àti ewéko igbó, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, gba ọ̀nà kan náà. Erin Áfíríkà wọ àkójọ kìíní tó lágbára jù ní 1989 nítorí òwò eyín rẹ̀, odídẹrẹ́ wọ̀ ọ́ ní 2016. Fún ohun tó wà nínú àkójọ kìíní, orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà á ní láti kọ́kọ́ fún un ní ìwé àṣẹ ìwọlé kí ti ìjáde tó wáyé, òwò èrè sì jẹ́ èèwọ̀. Fún àkójọ kejì, àwọn onímọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé kíkó rẹ̀ jáde kò ní pa ìran rẹ̀ lára. Níbẹ̀ ni ó ti ń bàjẹ́: ìwé lè jẹ́ ojúlówó kí ẹ̀rí inú rẹ̀ ṣófo, tàbí kí wọ́n kọ C, èyí tí a sìn, sínú ìwé ẹyẹ tí wọ́n mú nínú igbó, tó yẹ kó jẹ́ W. Àdéhùn Basel lórí pàǹtírí olóró tiẹ̀ ṣe kedere jù bẹ́ẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ kó o lọ fún kì í ṣe ìyọ̀ǹda, ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, bí ẹrù bá sì wọlé láìbófin mu nítorí ẹ̀bi ẹni tó kó o ránṣẹ́, orílẹ̀-èdè tó ti jáde ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti rí i pé wọ́n kó o padà. Ike tó dọ̀tí tàbí tó dàrú pọ̀ wọ inú òfin náà ní 2021, gbogbo àlòkù ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ tó ti di pàǹtírí sì wọ̀ ọ́ ní 2025.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rò pé, ṣé Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, gba irú èyí láyè? Ẹjọ́ edé àti ìjàpá òkun ló dáhùn rẹ̀. Àwọ̀n tí ọkọ̀ fi ń wọ́ edé nílẹ̀ òkun máa ń mú ìjàpá mọ́ ọn, ìjàpá tí kò bá sì lè yọjú mí á kú. Wọ́n ṣe irin onígíríìdì kan tí wọ́n gbé dagun sí ọrùn àwọ̀n: edé á gba àárín irin kọjá, ìjàpá á kọlù ú, á sì gba ihò jáde. Ohun tó ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ni apẹja tó bá so ihò náà pa kí edé má baà bá ibẹ̀ lọ. Amẹ́ríkà fòfin dè edé láti orílẹ̀-èdè tí kò ní irú ètò yìí. Íńdíà, Malaysia, Pakistan àti Thailand pè é lẹ́jọ́.

Ní oṣù Kẹwàá 1998, ìgbìmọ̀ kòtẹ́milọ́rùn WTO dá ẹjọ́ tó yẹ ká ṣì máa fi kọ́gbọ́n. Wọ́n ní ìjàpá òkun jẹ́ ohun àdáyébá tó lè tán, Abala 20 òfin GATT, àdéhùn òwò tí WTO ń lò, sì gbà kí orílẹ̀-èdè fi òfin òwò dáàbò bò ó. Síbẹ̀ Amẹ́ríkà jẹ̀bi nítorí bó ṣe lò ó. Ó fi dandan lé ètò tirẹ̀ gan-an dípò èyí tó bá ń so èso kan náà. Ó kọ edé tí wọ́n fi àwọ̀n onírin mú, nítorí pé orílẹ̀-èdè tó ti wá kò ní ìwé ẹ̀rí. Ó bá àwọn aládùúgbò rẹ̀ ṣe àdéhùn, ó sì fún wọn ní ọdún mẹ́ta. Àwọn ará Éṣíà gba oṣù mẹ́rin. Kò gbọ́ tẹnu ẹni tó kọ̀, kò sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Amẹ́ríkà tún ìlànà náà ṣe, ó ń bá àwọn yòókù jíròrò, nígbà tí Malaysia sì padà pè é lẹ́jọ́, Amẹ́ríkà ló jàre ní 2001. Èrò kan náà ni pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré Montreal: ìwà ni ká wò.

Lórí ẹja, ọ̀nà mìíràn ni WTO gbà. Àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2025 fòfin de owó ìrànwọ́ ìjọba fún ọkọ̀ tó ń pẹja lọ́nà àìtọ́, fún pípa ẹja tó ti ń tán, àti fún òkun gbangba tí kò sí àjọ tó ń bójú tó o. Àmọ́ wọ́n fi owó tó ń mú kí ọkọ̀ pọ̀ jù sílẹ̀ fún ìjíròrò. Bí wọn kò bá parí apá yẹn láàárín ọdún mẹ́rin, àdéhùn náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀, àyàfi tí wọ́n bá pinnu láti mú un dúró.

Ní báyìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026, ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ń béèrè owó carbon, ìyẹn owó lórí èéfín tí ṣíṣe ọjà tú jáde, lórí símẹ́ńtì, irin, alumíníọ̀mù, ajílẹ̀, hydrogen àti iná mànàmáná tó ń wọlé. Ẹni tó bá kó tọ́ọ̀nù 50 tàbí kí ó máà tó bẹ́ẹ̀ wọlé lọ́dún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi lórí hydrogen àti iná. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá ti san sórí carbon nílé ni wọ́n á yọ kúrò, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí kò bá lè fi ìwọ̀n èéfín rẹ̀ hàn, iye gbáà tí wọ́n ti dá sílẹ̀ ni wọ́n á fi ṣírò ẹrù rẹ̀, iye náà sì ga. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọn-èéfín àti ayẹ̀wéwò tí wọ́n gbà ló máa san jù, bí iṣẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ mọ́. Òfin ibodè wà níbí, ṣùgbọ́n àpò owó bíi ti Montreal kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó yẹ kí àwọn aṣojú òwò fi ṣíwájú nínú ìjíròrò ni kí lára owó tí ibodè náà bá pa máa lọ sí ìwọn-èéfín àti pípa ẹ̀rọ dà ní àwọn ilẹ̀ tí ẹrù ti ń wá, lábẹ́ ìgbìmọ̀ tí olówó àti ẹni tó ń gba owó náà jọ ní ìbò dọ́gba nínú rẹ̀.