VM mẹ́ta nínú sáfà kan: bí a ṣe ń ya nẹ́tíwọ̀kì wọn sọ́tọ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Òṣogbo la wà, iṣẹ́ sáfà (server), kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù, la sì fẹ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká ní ilé ìwòsàn kan wà l'Ókè-Fìà tó ní sáfà tirẹ̀, tí wọ́n fi Proxmox sí, ìyẹn ètò tó ń dá VM sílẹ̀ tó sì ń darí wọn. VM ni kọ̀ǹpútà tí ètò dá sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà gidi. Mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú sáfà yìí: ọ̀kan ń tọ́jú fáìlì aláìsàn, ọ̀kan ń ṣírò owó, ìkẹta ń darí Wi-Fi fún àwọn tó jókòó de dókítà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ vmbr0, wọ́n á fún wọn ní àdírẹ́sì, ó parí. Gbogbo ẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ geere! Èmi ò fẹ́ràn geere yẹn rárá. Ẹni tó ń wo Facebook níbi ìdúró ti wà nínú nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú fáìlì aláìsàn.

Kí wá ni vmbr0? Switch ni, ohun tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ṣeé fọwọ́ kàn. Linux ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú sáfà. Ẹ rò ó bí agbo ilé tí kò ní ògiri láàárín: ẹnu ọ̀nà kan, gbogbo ará ilé ń ríra wọn. VLAN, tó ń pín switch kan sí nẹ́tíwọ̀kì tó dá dúró, ni ògiri tá a fẹ́ mọ.

Ẹ wo ojú kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ orúkọ sáfà, mo wọ System, mo wọ Network, mo yan vmbr0, mo tẹ Edit. Ṣé ẹ rí àpótí kékeré tí wọ́n kọ "VLAN aware" sí? Ẹ fi àmì sí i, kẹ́ ẹ tẹ Apply Configuration. Ẹ wá lọ sórí VM kọ̀ọ̀kan: Hardware, Network Device, VLAN Tag. Mo fún fáìlì aláìsàn ní 10, owó ní 20, Wi-Fi àwọn àlejò tó ń dúró de dókítà ní 30. Nọ́ńbà ò ní wọ́n wa. Láti 1 títí dé 4094 la lè lò.

Àdírẹ́sì ńkọ́? Láti 1996 ni RFC 1918, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan, ti ya 10.0.0.0/8, 172.16.0.0/12 àti 192.168.0.0/16 sọ́tọ̀ fún lílò abẹ́lé. Èmi máa ń fi nọ́ńbà VLAN sínú àdírẹ́sì: VLAN 10 gba 10.0.10.0/24, 20 gba 10.0.20.0/24. Tí nǹkan bá dàrú lóru, ojú lásán lẹ ó fi mọ ibi tó ti wá. Ẹ yẹra fún 192.168.1.0 o. Ọ̀pọ̀ router ilé (ẹ̀rọ tó ń so nẹ́tíwọ̀kì kan mọ́ òmíràn) ló ń lò ó, dókítà tó bá fẹ́ fi VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọlé láti Alékúwodò á kàn máa bá router tirẹ̀ jà ni.

Ibi tó ń gbé èèyàn ṣubú jù nìyí: switch gidi tí wáyà sáfà wọ̀. Ihò tí wáyà yẹn wà gbọ́dọ̀ jẹ́ trunk, tó ń jẹ́ kí 10, 20 àti 30 kọjá pẹ̀lú àmì wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn VM tó wà ní VLAN kan náà nínú sáfà kan á máa gbúròó ara wọn, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní sáfà kejì, ti ibẹ̀ á dákẹ́ lọ gbári, ẹ ó sì máa tú Proxmox palẹ̀ lásán.

Láti VLAN kan sí òmíràn, router tàbí firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń pinnu ohun tó lè kọjá) ló ń ṣe agbódegbà. Níbẹ̀ lẹ ti máa sọ pé owó lè dé ọ̀dọ̀ fáìlì aláìsàn ní port (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) 5432, tó bá jẹ́ PostgreSQL ni ètò tó ń tọ́jú àwọn fáìlì náà. Àlejò, íntánẹ́ẹ̀tì nìkan.

Tí sáfà yín bá wá pọ̀ débi tẹ́ ẹ fi bọ́ sórí VXLAN, tó ń gbé nẹ́tíwọ̀kì kan gba orí òmíràn láti sáfà dé sáfà, ẹ ṣọ́ MTU, ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tó tóbi jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Báìtì 50 ló ń fi kún ẹrù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ fi ti VM sí 1450, àyàfi tẹ́ ẹ bá ti gbé ti wáyà ìsàlẹ̀ dé 1550 ó kéré tán. Àìsàn rẹ̀ ń tanni jẹ: ping (ìpè kékeré tá a fi ń mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà kan ń dáhùn) á lọ, àmọ́ fáìlì ńlá á dúró gbagidi lójú ọ̀nà.

Ó yá, ẹ wọ VM àlejò, kẹ́ ẹ ping 10.0.10.5, ká ní àdírẹ́sì VM fáìlì aláìsàn nìyẹn. Kò gbọdọ̀ dáhùn. Tó bá dáhùn, ẹ padà sórí firewall, ẹ ka òfin yín láti òkè wá sílẹ̀, torí nínú ọ̀pọ̀ firewall, òfin tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló máa ń ṣiṣẹ́.