Ègbè Ni Olólùfẹ́ Ń Gbè: Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwo Doctor Who

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni bí olólùfẹ́ àwọn eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó kún fún ìyanu àti iwin, ṣe ń gba apá tuntun nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. N kò ní lè kárí gbogbo wọn. Doctor Who ni mo mọ̀ jù, inú apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni n ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Sátidé ni, ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni apá tuntun máa ń jáde lásìkò yẹn lórí iPlayer, ibi tí BBC ń gbé eré wọn sí lórí ayélujára. Mo ní àṣà kan tí n kì í yẹ̀: ìwé kékeré kan máa ń wà lórí itan mi, n ó sì kọ ohun tó bá ti ẹnu mi jáde síbẹ̀ kí n tó ka èrò ẹnikẹ́ni. Màámi wà lọ́dọ̀ mi ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, wọ́n wá láti Èkó. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo pẹrẹsẹ. Wọn ò wo eré yìí rí. Nígbà tí ọjà Èkó yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, ọwọ́ wọn dúró nínú ẹ̀wà.

“Àkànní, ṣé Èkó nìyẹn?”

“Èkó ni, Màámi.”

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, eré náà dá lórí arìnrìn-àjò kan tí kì í ṣe ọmọ ayé, Dókítà ni wọ́n ń pè é. Àpótí aláwọ̀ búlúù kan ló ń gbé e kiri láti ìgbà dé ìgbà, láti ìràwọ̀ dé ìràwọ̀. Bí ikú bá fẹ́ mú un, ara rẹ̀ á yí padà, òṣèré mìíràn á sì bọ́ sípò. Ọdún 1966 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ọgbọ́n yìí, nígbà tí William Hartnell fi ipò sílẹ̀ fún Patrick Troughton. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1963 ì bá ti tán tipẹ́. Ncuti Gatwa, ẹni tí wọ́n bí ní Rwanda tó sì dàgbà ní Scotland, ni Dókítà tí èmi àti Màámi ń wò láàárọ̀ yẹn.

The Story & the Engine ni orúkọ apá náà. Inua Ellams ló kọ ọ́, ẹni tí wọ́n bí ní Jos ní 1984 tó sì wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní kékeré. Òun náà ló kọ Barber Shop Chronicles, eré orí ìtàgé tó dá lórí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọkùnrin Áfíríkà ń bára wọn sọ ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun. Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Dókítà lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan l'Ékòó, Omo Esosa, kó sì gẹrun níbẹ̀. Bó ṣe wọlé, ìlẹ̀kùn tì. Àlejò kan ti gba ṣọ́ọ̀bù, Onígbàjámọ̀ lásán ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀ gbọ́dọ̀ pìtàn bí wọ́n ti ń gẹ irun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gẹ irun náà ló ń hù padà, ìtàn náà á sì wọ inú ẹ̀rọ kan tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà rìn lórí ẹ̀yìn aláǹtakùn ńlá.

Màámi gbé àwo sílẹ̀. “Wọ́n ń fi ìtàn ṣe epo mọ́tò!”

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé lórí apá yìí, n kò sì tíì rí gbólóhùn kan tó mú un tó bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tí mo dá dúró tí mo tún gbọ́. Dókítà ń ṣàlàyé fún Belinda, ẹni tí wọ́n jọ ń rìn, pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun máa wà nínú ara dúdú báyìí, pé àwọn ibì kan wà láyé tí wọ́n ti ń fojú mìíràn wo òun, ṣùgbọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, ọmọ ilé ni òun. Ní Rye Lane, ní Peckham, mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí mo lè jókòó sí fún wákàtí méjì láìgẹ irun, tí kò sẹ́ni tó máa bi mí pé kí ni mo wá ṣe. Ìdí nìyẹn tó fi dùn mí wọra nígbà tó hàn pé Omo, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló jẹ́ kí wọ́n rí i mú. N kò lè kọ nǹkan kan sínú ìwé fún ìṣẹ́jú mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo gbé wá. Ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ rí mọ̀ pé apàlọ́ kò lè dá a ṣe. Á ní “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ á dáhùn “Ààlọ̀!”, á dá orin, wọ́n á gbè é. Bí ègbè bá kú, àlọ́ á kú sí i lẹ́nu. Ohun tí olólùfẹ́ ń ṣe nígbà tó bá pariwo, tó bá bínú, tó bá méfò ohun tó ń bọ̀ nìyẹn. Ègbè ló ń gbè. Ọ̀pọ̀ ń fojú kékeré wo ariwo wọn, ṣùgbọ́n ìtàn eré yìí gan-an fi hàn pé ariwo náà ló gbà á là.

BBC fúnra wọn ni wọ́n pa ọ̀pọ̀ apá tó jáde láàárín ọdún 1960 sí 1969 rẹ́. Téèpù wọ́n nígbà náà, wọ́n sì ń lò ó fún nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó rò pé ẹnikẹ́ni máa fẹ́ tún un wò. Àwọn ẹ̀dà fíìmù tí wọ́n tà fún ilé tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè ni ìrètí tó kù. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, ẹ̀dà ìtàn méjì nínú eré náà, The War Machines àti The Time Meddler, padà wá láti Nàìjíríà. Ní 2013, wọ́n kéde pé ọ̀gbẹ́ni kan tó ń wá irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kiri, Philip Morris, ti rí apá mẹ́sàn-án tó sọnù, ti The Enemy of the World àti ti The Web of Fear, nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Jos kan náà tí wọ́n ti bí Ellams! Inú mi dùn títí nígbà tí mo so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀.

Apá tó lé ní 90 ni a kò tíì rí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní ohùn gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé àwọn olólùfẹ́ ìgbà náà, ọmọdé wà nínú wọn, gbé rẹ́kọ́dà síwájú tẹlifíṣọ̀n nínú ilé bàbá wọn. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ kan na máìkì sí tẹlifíṣọ̀n, ó ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó má ṣe jẹ́ kí abọ́ ró nílé ìdáná. Ohùn tó gbà sílẹ̀ ni BBC ń lò lónìí tí wọ́n bá fẹ́ fi àwòrán yíyà rọ́pò apá tó sọnù. Ẹlẹ́gbè ló bá apàlọ́ tọ́jú àlọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń fún apá tuntun ní máàkì, mẹ́fà nínú mẹ́wàá, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, kí orin ìparí tó dákẹ́. Máàkì kò sọ ohun tí o gbọ́. Bí nǹkan bá dùn ọ́, sọ ibi tó ti dùn ọ́. Èmi náà ní ẹ̀dùn nípa apá yìí. Onígbàjámọ̀ fi orúkọ àwọn òrìṣà inú ìtàn àtijọ́ pe ara rẹ̀: ó ní òun ni Anansi aláǹtakùn, òun ni Loki, òun ni Dionysus, òun ni Bastet. Ti Akan, ti àríwá Yúróòpù, ti Gíríìkì, ti Íjíbítì, gbogbo wọn pé. Ilẹ̀ Èkó ni ṣọ́ọ̀bù wà, etí mi sì ń retí kó pe Èṣù, tàbí Ìjàpá ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ pàápàá. Kò pè wọ́n. Ó dùn mí, mo sì kọ ọ́.

Ohun tí ẹnì kan mọ̀ ló ń pinnu igbe tó máa ké. Nígbà tí ojú Jo Martin yọ fìrí, ẹni tó ti ṣe Dókítà ní 2020, mo fò sókè. Màámi ní, “Ta nìyẹn?” Mo dá eré dúró láti ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abena, ọmọbìnrin Anansi, ń di irun Dókítà, tó di ọ̀nà àbájáde sínú irun náà bí wọ́n ṣe ń pìtàn pé àwọn ẹrú máa ń fi irun dídì tọ́ka ọ̀nà tí wọ́n á gbà sá, èmi dákẹ́, Màámi ni wọ́n pariwo. “Kí ó má di kólẹ́sẹ̀ fún un o! Ẹni tó fẹ́ sá lọ!”

Lópin, Dókítà fi ìtàn ara rẹ̀ bọ́ ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni: wọ́n bí mi, mo kú, wọ́n bí mi. Ìtàn tí kò lópin, ẹ̀rọ kò lè gbé e. Màámi mi orí. “Àbíkú ni.” Mo ní kì í ṣe àbíkú, Màámi, torí àbíkú kì í dúró jayé, ìyá kan náà ló sì ń padà tọ̀ wá. Eléyìí ń dúró, ó ń jayé, ó ń kú nítorí ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ló sì ń rántí. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí n jẹ́ kí àwọn mọ̀ nígbà tó bá tún kú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún, ìgbà Gatwa parí. Ara rẹ̀ yí padà, ojú Billie Piper ló jáde, òṣèré tó ti ṣe ẹlòmíì nínú eré yìí tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sójú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò kọ ọ́ pé Dókítà ni. Ìwé mi kún fún ìbéèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Màámi ti padà sí Èkó, mo sì pè wọ́n bí mo ṣe ṣèlérí.

“Màámi, ó ti kú. Wọ́n ti tún un bí.”

“Kí ni wọ́n bí?”

“Obìnrin ni.”

“Yétúndé nìyẹn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n kí i tí mo bá tún rí i. Mo kọ ìyẹn náà sínú ìwé, sábẹ́ gbogbo ìbéèrè mi.