Kí Ni Ẹ̀wù Ogun Ń Gbà Lọ́wọ́ Ìkookò Rẹ?

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùdarí eré àti àwọn eléré sọ ní Ilé-Ifẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè dé ọ̀dọ̀ wa.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ ẹranko tó ń bá akọni rìn nínú eré orí tábìlì, níbi tí eléré kọ̀ọ̀kan ń ṣe akọni kan, tí olùdarí eré ń sọ ìtàn, tí dáìsì sì ń dájọ́, ni mo gbé wá, pàápàá ẹ̀wù ogun tí à ń fi wọ̀ ọ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ló kọ irú eré bẹ́ẹ̀ kan, Dungeons & Dragons, tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1974, òfin rẹ̀ sì ti yí padà léraléra láti ìgbà náà. Ìwé òfin ti 2003, èyí tí à ń pè ní 3.5, ni mo máa dúró lé lórí lónìí. Òun ló ro ti ẹranko dáadáa.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ nídìí tábìlì ni pé, “Ẹ̀wù wo ló máa gbé AC ìkookò mi sókè jù?” AC ni nọ́ńbà ààbò: ẹni tó bá fẹ́ ṣá ẹranko á ta dáìsì olójú ogún, á fi èlé ìjà rẹ̀ kún un, àpapọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó AC náà. Èmi bẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ẹ̀wù náà máa gbà lọ́wọ́ ẹranko.

Ẹ mú ìkookò druid (akọni onídán tó ń bá ẹranko rìn) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ìpele kìíní. AC rẹ̀ jẹ́ 14, èlé tó fi ń buni jẹ jẹ́ 3, eré ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìrìn kan. Ẹ wá fi ẹ̀wù ẹ̀wọ̀n irin, chainmail, wọ̀ ọ́. Góòlù 150 ni wọ́n ń ta á fún ènìyàn. Ti ẹranko tó tóbi tó ènìyàn jẹ́ ìlọ́po méjì, góòlù 300. AC gòkè di 19. Ọ̀tá tí èlé ìjà rẹ̀ jẹ́ 4, tó ń fi ojú dáìsì 11 nínú 20 rí ìkookò yìí ṣá tẹ́lẹ̀, ojú 6 péré ló kù fún un. Inú eléré á dùn.

Ṣùgbọ́n ẹ ka ojú ìwé tó sọ nípa ẹranko. Òfin ní ẹranko kò mọ ẹ̀wù ogun kankan lò, àfi èyí tí wọ́n bá kọ́ fún ogun. Ẹni tí kò bá mọ ẹ̀wù lò, ìdíwọ́ ẹ̀wù náà, iye tí à ń yọ nítorí ìnira rẹ̀, á bá a dé inú ìjà. Ìdíwọ́ chainmail jẹ́ 5, nítorí náà èlé 3 di òdì 2. Ọ̀tá tí AC rẹ̀ jẹ́ 15, tí ìkookò ń rí bù jẹ lójú dáìsì 9 nínú 20, ojú 4 ló máa fi rí i báyìí. Eré ẹsẹ̀ já wálẹ̀ sí 35. Ẹ ti ná góòlù 300 láti sọ ọdẹ di ẹrù.

Ẹ wá gbé ẹ̀wù awọ yẹ̀ ẹ́ wò. Góòlù 20 ni, èlé AC rẹ̀ jẹ́ 2, ìdíwọ́ rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí ìkookò kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lò, òdo náà ni a máa yọ nínú ìjà rẹ̀. Ó ń sáré bó ṣe ń sáré, ó ń bù jẹ bó ṣe ń bù jẹ, AC rẹ̀ sì di 16. Ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó ní sùúrù. Bí druid bá dé ìpele kẹta, ìkookò á lè fi feat (ọgbọ́n àkànṣe) tuntun kọ́ ẹ̀wù fúyẹ́; ní ìpele kẹfà, á lè kọ́ èyí tó wúwo díẹ̀ sí i.

Àkókò ni ọ̀pọ̀ olùdarí eré ń fò dá. Ìṣẹ́jú 4 ni ènìyàn fi ń wọ chainmail. Ti ẹranko jẹ́ ìlọ́po márùn-ún, ogún ìṣẹ́jú gbáko. Ẹni tó bá sì sùn nínú irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, àárẹ̀ ló máa bá a jí, nítorí náà ẹ ó bọ́ ọ lára ẹranko lálẹ́. Kí ọ̀tá wá kàn yín lágọ̀ọ́ lóru: yípo ìjà kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6, ogún ìṣẹ́jú sì jẹ́ yípo 200. Ìjà á ti parí tipẹ́tipẹ́ kí ẹ tó di okùn àyà rẹ̀ tán. Mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì yín. Ẹ jẹ́ kí ìkookò jáde sínú òkùnkùn pẹ̀lú AC 14, kí eléré mọ̀ ọ́n lára.

Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Ìwé yìí ní bí ooru bá kọjá 90 ní ìwọ̀n Fahrenheit, àwọn tó wà nínú rẹ̀ á máa ta dáìsì Fortitude, ti ìfaradà ara. Ẹni tó bá wọ ẹ̀wù ogun, irú yòówù kó jẹ́, ẹ yọ 4 nínú tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ oòrùn ọ̀sán Ifẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mọ̀ pé 90 kò jìnnà sí wa. Ẹ̀wù awọ tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan náà kò yọ sílẹ̀. Bí ẹ bá fi igbó wa ṣe ayé eré yín, ẹ má ṣe fi òfin yìí sílẹ̀.

Àwọn tó gbé ẹṣin lọ sógun gan-an mọ èyí. Ẹṣin ogun Bọ̀nú àti ti ilẹ̀ Haúsá máa ń wọ lifidi, aṣọ òwú tí wọ́n ki òwú igi àràbà sínú rẹ̀, tí wọ́n sì rán pọ̀. Nínú ìwé eré, ẹ̀wù tó sún mọ́ ọn jù ni padded, èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń fojú pa rẹ́ torí pé èlé 1 ló ní. Ní tòsí wa níhìn-ín, nínú ogun Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, apá àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin kò ká ọmọ ogun Ìbàdàn. Igbó kò gba ẹṣin bí pápá ṣe gbà á, eṣinṣin tsetse sì ń fi àìsàn pa á. Ọdẹ tiwa, ajá ló ń mú lọ. Ṣaworo ló ń so mọ́ ọn lọ́rùn, kó lè máa gbúròó rẹ̀ nínú igbó dídí. Bí eléré yín bá so ṣaworo mọ́ ajá rẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa rí ajá náà wá tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, kí ẹ sì yọ nínú dáìsì ìrìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rẹ̀.

Ìwé òfin ti 2014 mú ọ̀rọ̀ yìí rọrùn jù fún mi: iye owó ìlọ́po mẹ́rin, ìwọ̀n ìlọ́po méjì, ó parí. Ẹni tó ń lo ìwé náà lè yá òfin àkókò láti inú ti 2003. Kò ní ba nǹkan kan jẹ́.

Ẹnì kan bi mí léèrè nípa àṣá rẹ̀. Òfin ní ẹranko tó ń fò kò lè fò nínú ẹ̀wù tó ju ẹ̀wù fúyẹ́ lọ. Awọ, tó jẹ́ ẹ̀wù fúyẹ́, ló bá a mu jù: nítorí kékeré ara àṣá, góòlù 10 ni, ìwọ̀n rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n a ó pín èlé AC rẹ̀ sí méjì. Èlé 1 ló máa rí, á sì máa fò lọ.