Àtẹ, Ìlà àti Kọ́kọ́rọ́: Bí Dátábéèsì Alátẹ Ṣe Dé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, dátábéèsì ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó dátà, ìyẹn ìsọfúnni, pamọ́ sí; alátẹ sì ni èyí tó ń tò ó sínú àtẹ. N kò ní ṣàlàyé ìlà àti òpó, nítorí ẹni tó bá ti rí ìwé orúkọ kíláàsì rí ti mọ ohun tí àtẹ jẹ́. Ohun tó kàn wá ni ìṣòro tí Edgar Codd, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM ní San Jose ní ìpínlẹ̀ California, gbé àpilẹ̀kọ jáde lé lórí ní ọdún 1970.

Nígbà náà, nínú ètò bíi IMS, dátábéèsì tí IBM ń tà, òmíràn lábẹ́ òmíràn ni wọ́n ń to dátà sí, débi pé ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ mọ ojú ọ̀nà tí yóò tọ̀ kó tó kan ohun tó ń wá. Ẹ wo ìyá tó rán ọmọ, tó ní kó wọ yàrá kejì, kó ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó kó gèlè méjì kúrò, kó wá mú ìró tó wà nísàlẹ̀: bí ẹnìkan bá ti gbé àpótí náà kúrò, ọwọ́ òfo lọmọ yóò mú bọ̀. Codd ní kí ìyá dárúkọ ìró, kó fi wíwá sílẹ̀ fún ọmọ: kí dátà wà nínú àtẹ, kí ẹni tó ń wá a kàn dárúkọ ohun tó fẹ́, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wá a. Mo tún un sọ o: Ẹ SỌ OHUN TÍ Ẹ FẸ́, Ẹ MÁ SỌ Ọ̀NÀ!

Ẹ wá fara balẹ̀ níbí, nítorí ibí gan-an lẹ ti máa ń ṣì í. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù Ìyá Bọ́lá sí gbogbo ìlà ọjà tó rà. Lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ ó tún àwọn ìlà kan ṣe, ẹ ó gbàgbé àwọn yòókù, dátábéèsì yín yóò sì máa sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ká ní 17, nínú àtẹ oníbàárà, kí ẹ kọ fóònù rẹ̀ síbẹ̀ LẸ́Ẹ̀KAN ṢOṢO, kí ìlà ọjà kọ̀ọ̀kan sì gbé 17 nìkan. 17 yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi orúkọ ṣe kọ́kọ́rọ́. Ìyá Bọ́lá mélòó ló wà ládùúgbò yín?

Kíá la ó sáré gba ìyókù kọjá. IBM fà sẹ́yìn láti gba èrò Codd, nítorí IMS ṣì ń pa owó wọlé fún un, àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ System R, iṣẹ́ ìwádìí lórí dátábéèsì alátẹ, níbi tí Chamberlin àti Boyce ti ṣe èdè tó di SQL, èdè tí a fi ń béèrè ohun tí a fẹ́ lọ́wọ́ dátábéèsì. Ní yunifásítì Berkeley, Stonebraker àti Wong ń ṣe dátábéèsì alátẹ tiwọn, Ingres. Ilé-iṣẹ́ kékeré tó wá di Oracle ta dátábéèsì alátẹ tirẹ̀ ní 1979, ọdún méjì ṣáájú SQL/DS, èyí tí IBM tà. Èyí ló mú kí àwọn kan máa sọ pé Oracle ló dá dátábéèsì alátẹ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí n kì í fẹ́ gbọ́ rárá. Lónìí, SQLite, dátábéèsì kékeré tó jáde ní 2000, wà nínú fóònù Android àti iPhone tí ẹ fi ń wo fídíò yìí, àtẹ ni ó sì ń lò.